Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀rọ̀ Sheikh Adam Al-Ilory wà lọ́wọ́ wa: báwo la ṣe máa gba ohùn Bàbá là?

Ọmọ Pákátà

Ẹ̀yin ará, àsàlámù àlékùm. Ẹ̀yin tí ẹ ò sí nínú ẹ̀sìn wa, ẹ kú déédéé ìwòyí o.

Àwa mélòó kan ní Ìlọrin la fẹ́ ṣe ìrántí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory, olùdásílẹ̀ Markaz, iléèwé Lárúbáwá tó wà ní Agége. Láti 1992 tí Bàbá ti papò dà, ìrántí tí a mọ̀ ni kí a lẹ bánà, kí àwọn èèyàn ńlá máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ara wọn, kí a jẹ ìrẹsì, kí oníkálukú gbalé lọ. Kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí àwa ń wá yàtọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1992 mọ orúkọ Bàbá, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohùn yẹn gan-an la fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni àpótí páànù kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì, mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n. Wáàsí wà níbẹ̀, tàfúsírì (ìtumọ̀ Àlùkùráánì) wà níbẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sì wà. Ìdajì wọn kò ní àkọlé kankan. Mẹ́ta nínú wọn ní nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára téèpù. Ìwé Lárúbáwá pẹlẹbẹ bíi mélòó kan tún wà nísàlẹ̀ àpótí, píìnì wọn ti dípẹtà.

Kí la máa kọ́kọ́ ṣe? Ṣé kí a kó wọn fún àwọn tó ń sọ kásẹ́ẹ̀tì di MP3 láàárín ìgboro? Tí a bá sì ti kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, ṣé a lè gbé wọn síta fún gbogbo ayé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà ni kó dá wa lóhùn, kì í ṣe ẹni tó kàn fẹ́ ṣàdúà fún Bàbá. Àdúà náà dára, a ti ń ṣe é.

Atúntéèpùṣe

Ẹ kú iṣẹ́, Ọmọ Pákátà. Ẹ má tíì fi ẹyọ kan ṣoṣo sínú rédíò. Kásẹ́ẹ̀tì tó ti jókòó nínú àpótí páànù fún ọgbọ̀n ọdún, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tó máa dún dáadáa. Rédíò tí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ (irin kékeré tó ń ka ohùn lára téèpù) dọ̀tí, tí rọ́bà rẹ̀ tó ń fa téèpù sì ti ń yọ́, á jẹ ẹ̀ẹ̀kan náà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò lójú mọmọ. Ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, lódì kejì ibi tí téèpù ti yọjú, etí kéékèèké méjì wà níbẹ̀. Ẹ ṣẹ́ méjèèjì dànù. Tí wọn ò bá ti sí níbẹ̀, bọ́tìnì pupa tó ń gba ohùn sílẹ̀ kò ní wọlé, kò sì sí ẹni tó máa ṣèèṣì gba orin lé Bàbá lórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ibi tí téèpù ti yọjú. Tìmùtìmù kékeré kan wà lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ bàbà, òun ló ń ti téèpù mọ́ hẹ́ẹ̀dì. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ máa ń gbẹ nínú ooru, tìmùtìmù á sì já bọ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, ohùn á rì, á máa lọ, á máa bọ̀, àwọn èèyàn á sì sọ pé kásẹ́ẹ̀tì ti kú. Kò kú. Ẹ wá kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tí kò wúlò, èyí tí síkírù márùn-ún de ara rẹ̀ pọ̀. Ẹ tú u, ẹ kó téèpù inú rẹ̀ kúrò, ẹ gbé ti Bàbá síbẹ̀ bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ sì dè é padà. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fi iná lẹ ara kásẹ́ẹ̀tì Bàbá pọ̀ láìní síkírù, ẹ fi bíléèdì la ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi agbára yà á, àwọn róòlù kéékèèké inú rẹ̀ á fò jáde, ẹ ò sì ní mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀ kí ẹ tó mú ohunkóhun kúrò.

Nọ́ńbà ara kásẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì. 60 ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kọ̀ọ̀kan, 90 ń gba ìṣẹ́jú 45, 120 ń gba wákàtí kan. Ohun tó mú kí 120 gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni pé téèpù rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ti 60 nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 18 (máíkírọ́ọ̀nù kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), ti 90 tó bíi 12, ti 120 kò ju 9 lọ. Ẹni tó ń gba tàfúsírì fẹ́ràn 120 nítorí pé kò fẹ́ yí ojú kásẹ́ẹ̀tì padà nígbà tí ààfáà wà lórí áyà (ẹsẹ Àlùkùráánì). Àwa tí à ń tún un ṣe la wá ń jìyà rẹ̀ báyìí, torí òun ló ń wé mọ́ rọ́bà jù. Ẹ fi bíírò onígun mẹ́fà sínú ihò 120, ẹ fọwọ́ yí i. Ẹ má tẹ bọ́tìnì asáré fún un.

60 àti 90 ní tiwọn, ẹ yí wọn lọ dé òpin, ẹ yí wọn padà, lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó gbọ́ wọn. Téèpù tó pẹ́ nílẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra, yíyí rẹ̀ á wúwo, ohùn á sì máa fà bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ kásẹ́ẹ̀tì di MP3 ní ìgboro: mi ò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tó ní ẹnu USB, tó tóbi tó fóònù méjì, ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Mọ́tò rẹ̀ kì í sáré déédéé. Kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ máa sá sẹ̀ǹtímítà 4.76 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá yára jù, ohùn Bàbá á tín-ín-rín, á dà bí ohùn ọmọdé. Tó bá falẹ̀, á wúwo. MP3 tí wọ́n máa kó fún yín náà á ti sọ ohun púpọ̀ nù, kò sì sí bí ẹ ṣe máa rí i gbà padà. Ẹ wá ojúlówó deck àtijọ́ (ẹ̀rọ tó ń lu kásẹ́ẹ̀tì), irú èyí tó máa ń jókòó lábẹ́ áńpù nínú pálọ̀. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ pààrọ̀ bẹ́líìtì àti rọ́bà rẹ̀ kí ẹ tó lò ó.

Oògùn tí ẹ máa fi fọ hẹ́ẹ̀dì ni isopropyl tó tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń ní in. Ẹ má lo lọ́fíńdà, ẹ má lo bẹntiróòlù. Ẹ fi òwú orí igi rin ín, ẹ nu hẹ́ẹ̀dì àti ọ̀pá irin tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí òwú kò fi ní yọ àwọ̀ ilẹ̀ mọ́. Rọ́bà kì í fẹ́ oògùn yẹn púpọ̀, ó ń mú un gan. Aṣọ tí ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ rin ti tó fún un. Ẹ ṣe èyí lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà ọyẹ́, tí eruku Ìlọrin bá dé, ẹ máa ṣe é lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó kàn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba ohùn là jù. Síkírù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hẹ́ẹ̀dì, sípíríìngì wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ló ń mú kí hẹ́ẹ̀dì dúró ṣánṣán tàbí kó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rédíò tí wọ́n fi gba wáàsí ní 1980 àti èyí tí wọ́n fi gba òmíràn ní 1988, ìdúró hẹ́ẹ̀dì wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Torí náà ẹ fi síkírùdiráfà tí kì í fa irin yí i díẹ̀díẹ̀, kó má ju ìdá mẹ́rin àyíká kan lọ, kí ẹ sì máa gbọ́ ìgbà tí Bàbá bá ń ka Lárúbáwá. Ibi tí lẹ́tà síín àti ṣáàdì bá ti dún ketekete, tí ẹ ò sì gbọ́ wọn bí ẹni tó da aṣọ bo ẹnu, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá kàn á tún fẹ́ tirẹ̀.

Okùn gbọ́dọ̀ ti Line Out deck (ihò tí ohùn ń gbà jáde) lọ sí Line In (ihò tí ohùn ń gbà wọlé). Ihò gbohùngbohùn ara laptop kò dára fún iṣẹ́ yìí, ó ń fọ́ ohùn. Ẹ ra ẹ̀rọ agbohùnwọlé USB kékeré tó ní ihò méjì. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ lo 48 kHz, 24 bit, WAV (fáìlì tí kì í sọ ohùn nù bíi MP3). Kí ibi tí ohùn bá ti ga jù wà láàárín −12 sí −6 dB. Tó bá kan 0, ó ti fọ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Ẹ gbà á ní ìhà méjèèjì, òsì àti ọ̀tún, bí wáàsí tilẹ̀ jẹ́ ohùn kan, torí pé ìhà kan máa ń mọ́ ju èkejì lọ, ẹ lè wá mú èyí tó mọ́. Wákàtí kan á gbà ju GB kan lọ díẹ̀. Tí gbogbo mẹ́rìnlélógójì bá jẹ́ 90, tí wọ́n sì kún, wákàtí 66 ni, kò ní tó GB 70. Hard disk kékeré á gbà á.

Ẹ má fọ ariwo kúrò lára èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo rẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn tí ẹ máa tún ṣe.

Àwọn mẹ́ta tó funfun ti bu nìyẹn. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lónìí, nínú àpò ìwé. Ẹ má fi wọ́n sínú ọ̀rá, ọ̀rá ń pa ọ̀rinrin mọ́. Àwọn ni kó kẹ́yìn, ìta gbangba ni kí ẹ ti fọwọ́ kàn wọ́n, kì í ṣe inú yàrá, ẹ bo imú yín, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nu etí ìdì téèpù. Tí ẹ bá fi wọ́n sínú deck ṣáájú àwọn tó kù, ẹ máa kó o ran gbogbo wọn.

Ọmọ Pákátà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo: iná kò dúró lọ́dọ̀ wa. Ṣé a lè fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é?

Atúntéèpùṣe

Ẹ lè fi ṣe é tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í mú iná dúró sójú kan, mọ́tò deck míì sì máa ń bá a lọ sókè-sódò. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú náà ń kùn nínú ohùn, èyí tó bá jẹ́ pure sine wave (tí iná rẹ̀ ń ṣàn létòlétò) ni kí ẹ wá. Ẹ yọ ṣájà laptop, ẹ jẹ́ kó máa fi bátìrì ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gbà á. Ìdajì ariwo tí àwọn èèyàn ń pè ní ariwo kásẹ́ẹ̀tì, ṣájà ni. Tí iná bá lọ láàárín, ẹ yọ kásẹ́ẹ̀tì kúrò kó tó dé padà. Téèpù tí rọ́bà fún mọ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan á ní àpá níbẹ̀.

Òǹkàwé Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ẹ̀rọ tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ àti ọjọ́, torí ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí máa ń kú sí. Mẹ́rìnlélógójì kásẹ́ẹ̀tì á di fáìlì méjìdínláàádọ́rùn-ún, gbogbo wọn á máa jẹ́ "wáàsí Bàbá tuntun", lẹ́yìn ọdún méjì ẹnikẹ́ni ò ní mọ èyí tó ti inú èwo wá.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan, ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì kásẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú páálí inú ilé rẹ̀. Ẹ fún un ní nọ́ńbà: AAI-001, AAI-002, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀. Fáìlì á wá máa jẹ́ AAI-001-A àti AAI-001-B. Ẹ má fi àkọlé ọ̀rọ̀ ṣe orúkọ fáìlì. Àkọlé lè yí padà tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, nọ́ńbà kì í yí padà. Àkọlé, èdè, ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, ẹni tó gbà á, ẹni tó ni kásẹ́ẹ̀tì, àléébù tó ní, gbogbo ìyẹn á wà nínú ìwé kan lọ́tọ̀. Ohun tí ẹ bá rí lára kásẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe wà, àní tó bá ṣì í kọ.

Ti ọjọ́ ni iṣẹ́ ọpọlọ wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní àkọlé á fẹnu ara wọn sọ ọjọ́ wọn tí ẹ bá tẹ́tí. Bàbá kì í ṣe ààfáà tó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ọ̀rọ̀ ìlú máa ń wọ inú ọ̀rọ̀ wọn. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Ààrẹ Shagari bí ẹni tó wà lórí oyè, oṣù Kẹwàá 1979 sí ìparí 1983 ni. Pípààrọ̀ owó náírà, 1984. Awuyewuye pé Nàìjíríà wọ OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, ẹ wo 1986. Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ìpínlẹ̀ Kogí, kò lè ṣáájú oṣù Kẹjọ 1991. Tí ó bá sì jẹ́ pé Lọ́kọ́jà ṣì wà nínú Kwara lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó ṣáájú ìgbà yẹn.

Ẹ tẹ́tí sí ọdún Híjírà, ìyẹn kíka ọdún ti Mùsùlùmí. 1400 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1979. Ràmàdáànì 1400 bọ́ sí oṣù Keje 1980, ti 1409 sì bọ́ sí oṣù Kẹrin 1989. Ó ń sún sẹ́yìn ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Inú Ràmàdáànì ni tàfúsírì sábà máa ń wáyé. Nítorí náà tí òjò bá ń rọ̀ lé páànù lórí ní gbogbo ìgbà nínú ọ̀wọ́ tàfúsírì kan tó gùn, tí oníkẹ́wú sì ń dúró kí òjò dákẹ́ díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fọkàn sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 wọ̀nyẹn. Èyí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi kún ọ̀rọ̀ olóṣèlú tí wọ́n dárúkọ, ó máa ń jẹ́ kí ọdún náà túbọ̀ ṣe kedere. Ẹ pín ọjọ́ sí ọ̀nà méjì nínú ìwé yín: èyí tó dájú, àti èyí tí ẹ fojú bù. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n wọ inú ara wọn.

Kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ronú pé ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan ń gba wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ tí Lárúbáwá bá pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ mú mẹ́wàá tó dára jù. Kí ẹnì kan kọ, kí ẹlòmíràn gbọ́ pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní márùn-ún-márùn-ún. Áyà Àlùkùráánì àti hàdíìsì, ẹ kọ wọ́n ní Lárúbáwá, ẹ fi orúkọ súrà àti nọ́ńbà áyà sí i. Yorùbá Ìlọrin tó bá jáde lẹ́nu Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Àwọn kan máa ń fẹ́ tún un ṣe kó lè dà bí Yorùbá inú ìwé. Ìyẹn kì í ṣe ohùn Bàbá mọ́.

Tí orúkọ ààfáà àtijọ́ kan kò bá dún yé yín, Bàbá fúnra wọn ti ràn yín lọ́wọ́. Wọ́n kọ ìwé Lamahat al-Ballur nípa àwọn gbajúmọ̀ ààfáà Ìlọrin. Ẹ máa gbé orúkọ tí ẹ bá gbọ́ wò nínú rẹ̀ kí ẹ tó kọ ohun tí etí yín bá kàn gbà.

Ẹ tún kíyè sí ìtàn ìgbésí ayé tí ẹ máa tẹ̀ sínú ìwé ètò. Àṣìṣe méjì kan wà tí àwọn èèyàn ń da kọ láti ara ẹlòmíràn. Wọ́n rí "Al-Ilory", wọ́n á ní Ìlọrin ni wọ́n bí Bàbá sí. Wasa ni, ní ilẹ̀ tó di Benin Republic lónìí, ní 1917. Ìlọrin ni orírun. Wọ́n sì máa ń kọ pé Agége ni Markaz ti bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Abẹ́òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1952, ó wá kó lọ sí Agége ní 1955. Ìwé ètò ìrántí ni àwọn ọmọ iléèwé ń wo kọ iṣẹ́ wọn, ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀ ló máa di òótọ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́yà Ìgbómìnà

Lórí ìbéèrè pé ṣé ẹ lè gbé e síta: rárá, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Òfin Copyright Nàìjíríà ti 2022 ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwàásù mọ́ iṣẹ́ tí ó ní ẹni tó ni ín. Ẹ̀tọ́ náà wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ẹni náà kú. Ẹni tó kú ní 1992, ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ̀ títí di òpin 2062. Ìyẹn ti ọ̀rọ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, àádọ́ta ọdún, ó sì lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ rédíò tàbí ti ẹni tó ṣètò gbígbà á. Tí ẹ bá gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò rédíò nínú kásẹ́ẹ̀tì kan, ẹ yà á sọ́tọ̀, lẹ́tà ìtọrọ àṣẹ méjì ló máa gbà.

Lẹ́tà ojú ewé kan ti tó. Ẹ kọ iye kásẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà wọn, ibi tí ẹ fẹ́ gbé wọn sí, pé ẹ ò ní tà wọ́n, àti pé tí wọ́n bá ní kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ẹ máa yọ ọ́. Ẹ mú un lọ fún ẹbí àti fún Markaz, ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan fún yín.

Ọmọ Ìdí-Àpẹ

Lọ́yà, ẹ má bínú o. Wáàsí kì í ṣe ọjà. Nítorí Ọlọ́run ni Bàbá fi sọ ọ́, kó lè tàn káàkiri ni. Àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì wáàsí lọ́jà láyé ọjọ́un, ta ni wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?

Lọ́yà Ìgbómìnà

Pé wọ́n tà á kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ẹ tún wò ó láti ọ̀nà mìíràn: ẹ̀dà ẹ̀dà ni púpọ̀ nínú ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lè jẹ́ ẹbí tàbí ọmọ iléèwé àtijọ́ kan. Tí ẹ bá gbé e síta láìbéèrè, wọn ò ní fi tiwọn hàn yín láéláé. Tí ẹ bá béèrè, àpótí mìíràn lè ṣí.

Atúntéèpùṣe

Òótọ́ ni Lọ́yà sọ nípa ẹ̀dà. Tí ẹ bá gbọ́ ariwo *sháá* oríṣi méjì lórí ara wọn, tí ọ̀kan bá dákẹ́ kí èkejì tó dákẹ́ níparí, ẹ̀dà ni, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́.

Olùtọ́jú Ìwé

Ti àwọn ìwé pẹlẹbẹ: ẹ fi ohun pẹlẹbẹ gbé píìnì dípẹtà sókè láti ẹ̀yìn, ẹ má fà á láti iwájú, bébà á ya. Òwú funfun ni kí ẹ fi rán an padà láti inú ihò kan náà. Ẹ ò gbọdọ̀ fi sẹ́lótéèpù lẹ ohunkóhun, ẹ ò sì gbọdọ̀ láminéètì rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dán lójú, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ máa sun bébà bẹ́ẹ̀, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Fọ́tò: lábẹ́ ìbòjì níta, láàárọ̀, láìlo fíláṣì, kámẹ́rà á dojú kọ ojú ewé tààrà. Àwọn àmì fátíhà àti kẹ́sírà tó wà lára lẹ́tà Lárúbáwá kéré, torí náà tí ẹ bá ń lo sikánà, 400 dpi ni, 300 kò tó. Ẹ ya èèpo ẹ̀yìn náà, ibẹ̀ ni orúkọ ilé ìtẹ̀wé máa ń wà, àti ohun tí ẹni tó ni ìwé fi ọwọ́ kọ sí etí ojú ewé.

Àpótí páànù yẹn, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ òrùlé àti lórí sìmẹ́ńtì. Lórí pákó, kó ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan nílẹ̀ nítorí ikán. Káńfọ̀ kò gbọdọ̀ kan kásẹ́ẹ̀tì. Sípíkà ńlá kò gbọdọ̀ wà nítòsí rẹ̀, mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lè pa ohùn rẹ́.

Òǹkàwé Ọ̀fà

Ọjọ́ ìrántí fúnra rẹ̀ ló kù. Ẹ má fi wákàtí kan lé àwọn èèyàn lórí. Àyọkà mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti tó. Kí ẹnì kan fi ìṣẹ́jú méjì sọ ọdún àti ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà fún gbogbo àwọn tó wá, lẹ́tà ńlá, torí àwọn àgbàlagbà á fẹ́ máa fi ojú bá a lọ. Olùbánisọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Àsárì, ẹ máa parí kí Màgáríbì tó dé.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ibi tí Bàbá ti ń bá ààfáà mìíràn fa ọ̀rọ̀. Àríyànjiyàn wà láàárín àwọn onímọ̀ ayé ìgbà yẹn, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ gbangba. Tí ẹ bá gé ìṣẹ́jú kan jáde nínú rẹ̀, tí ẹ ò fi ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn sí i, àwọn ọmọ ẹnì kejì wà nílùú, wọ́n sì máa gbọ́ ọ lórí fóònù kí alẹ́ tó lẹ́. Irú èyí, ẹ fi í sínú àkójọ ní odindi, ẹ má fi ṣe àyọkà.

Atúntéèpùṣe

Fún gbọ̀ngàn, ẹ gé ohùn tó wà nísàlẹ̀ 100 Hz kúrò lára ẹ̀dà tí ẹ máa gbé jáde níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kìkì ìkùn mọ́tò ni, sípíkà ńlá á sì sọ ọ́ di àrá. Ẹ fi wáyà so laptop mọ́ ẹ̀rọ, ẹ má lo bluetooth. Ẹ dán an wò kí àwọn èèyàn tó jókòó, kí ẹ sì rántí pé gbọ̀ngàn tó kún kì í hó bíi gbọ̀ngàn òfìfo.

Fún fóònù, MP3 ohùn kan, 64 kbps: wákàtí kan kò ní tó MB 30. Lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document.

WAV náà, ibi mẹ́ta. Hard disk kan lọ́dọ̀ yín, òmíràn lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé Ìlọrin, ẹ̀kẹta ní ibi tí ilé iṣẹ́ kan á ti máa bójú tó o. KWASU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara) ní Malete ní Centre for Ilorin Manuscripts and Culture, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ tí lẹ́tà ẹbí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ má kó kásẹ́ẹ̀tì fúnra wọn dànù lẹ́yìn rẹ̀ o. Lọ́dọọdún, kí ẹnì kan ṣí hard disk kọ̀ọ̀kan, kó gbọ́ fáìlì márùn-ún tó bá ṣáà fọwọ́ kàn, kó kọ ọjọ́ náà sínú ìwé.

Ọmọ Pákátà

Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. A ti ṣẹ́ etí gbogbo wọn lálẹ́ yìí, àwọn mẹ́ta tó bu ti wà nínú àpò ìwé. Lẹ́tà la máa kọ lọ́la. Ẹni tó bá mọ ibi tí a ti lè rí bẹ́líìtì deck rà láàárín Ìlọrin sí Ọ̀fà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi síbí.